Ìrù Òwe Wà Lẹ́nu Ìyàwó

Bí ẹ bá dúró sí òdìkejì títì, ẹ ó rí pátákó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: A Ń GẸRUN, A SÌ Ń. Ibẹ̀ ló parí sí. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ RÁN AṢỌ, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tí òjò máa ń fọ̀ dànù, tí ẹni náà a sì tún un kọ. Ọkọ ló kọ ti ọ̀dà, ìyàwó ló kọ ti ṣọ́ọ̀kì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pátákó náà sókè ni ọkọ ti ń sọ pé òun ń bọ̀ wá parí ẹ̀, ọ̀dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ mọ́ agolo.

Yàrá gígùn kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà. Lápá ọ̀tún, àga àti dígí ọkọ, níbi tó ti ń gẹrun. Lápá òsì, máṣíìnì ìyàwó, níbi tó ti ń ránṣọ. Kò sí ògiri láàárín wọn, kò tilẹ̀ sí kọ́tìnì. Bàbá Olówe ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ, nítorí pé òwe dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju oúnjẹ lọ. Bó bá ń gẹrun, a gbé òwe kalẹ̀, a sọ ọ́ dé ìdajì, a dákẹ́, a wá yọjú wo dígí kó lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ oníbàárà lára. Àmọ́ kí ojú oníbàárà tó tàn, ohùn kan á ti já wá láti ẹ̀yìn máṣíìnì.

"Ẹni tó ní orí kò ní fìlà..." Bàbá Olówe á wí.

"...ẹni tó ní fìlà kò ní orí," ìyàwó á gbè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mi orí o, abẹ wà lẹ́yìn etí yín."

Oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín, a sì máa wo máṣíìnì, kò ní í wo ẹni tó ń gẹrun fún un. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Bàbá Olówe wọra. Lójú tirẹ̀, òun ló ń roko òwe, ìyàwó òun ló ń kórè. Ó ń fara dà á ṣá. Ó ní sùúrù, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí sùúrù náà tán ni Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ wá gẹrun. Ẹni iyì ni Ọ̀gá, irun rẹ̀ funfun báláú, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ tí wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí Bàbá Olówe rọra gé e létí létí. Kílípà ti dé ìpàkọ́ nígbà tí òwe gun Bàbá Olówe.

"Ọ̀gá, ẹ ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ ti ṣe é yanjú. Àwọn ọ̀dọ́ yìí kò lè mọ̀ tó yín láéláé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà..."

"...kò lè ní àkísà bí àgbà," ni ìyàwó wí, ó sì gbé ṣòkòtò kan sókè. "Àkísà náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọ̀gá, ìdí ṣòkòtò yín tí ẹ ní kí n lẹ̀, kò mà sí ìdí kankan níbẹ̀ mọ́ o!"

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀rín gbé e. Ó fò lórí àga, ó sọ orí sẹ́yìn, kílípà sì gba ìpàkọ́ gòkè, ó dé àtàrí. Nígbà tí wọn yóò fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títì tuntun ti là láàárín orí Ọ̀gá, gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

"Kí lẹ ṣe yẹn?" Ọ̀gá bèèrè, ó ń fọwọ́ wá irun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò sí àtúnṣe kan àfi kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá jáde, orí ń dán gbinrin bí ìdí àwo, ó fi ìwé ìròyìn bò ó. Bàbá Olówe pa kílípà, ó kọjú sí máṣíìnì.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé o rí ohun tí ẹnu rẹ ṣe?"

"Ẹnu tèmi kọ́ ló mú kílípà dání, Bàbá."

"Ó tó gẹ́ẹ́! Láti òní lọ, má gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu mọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni!"

Ìyàwó wò ó títí. Bàbá Olówe ń retí ìjà, ó tiẹ̀ ti to èsì sílẹ̀. Ìyàwó kò jà. Ó ní, "Ó dáa." Ó mú àkísà tútù, ó gbé àga síta, ó gùn ún, ó sì nu RÁN AṢỌ kúrò lábẹ́ pátákó. Ó wọlé padà, ó ń ránṣọ lọ. Ara Bàbá Olówe kò lélẹ̀ rárá.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bá a! Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan jókòó lórí àga, ó ń ráhùn pé àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ òun kò fìmọ̀ ṣọ̀kan. Bàbá Olówe mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń retí àǹfààní báyìí.

"Ọmọ mi, àìrìn jọ ejò..." Ó dákẹ́, ó yọjú wo dígí.

Awakọ̀ ń dúró. Máṣíìnì ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bàbá Olówe náà ń dúró, bó ṣe máa ń ṣe, kó tó rántí pé òun fúnra òun ni òun ń dúró dè. Ó la ẹnu, ó wá ìrù òwe náà káàkiri inú orí, kò bá a.

"...òun ló ń jẹ́ kí ejò máa dá rìn," ló bá wí.

Awakọ̀ wò ó nínú dígí. "Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé tiwa nìyẹn."

Nígbà tí awakọ̀ lọ tán, Bàbá Olówe dúró níwájú dígí, ó ń dán ara rẹ̀ wò lábẹ́lẹ̀. Iwájú òwe ń ya wá bí omi, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó ní ìrù. Ẹ̀rù bà á wàyí. Gbogbo ọdún tó ti ń pòwe, kò parí ẹyọ kan rí! Ẹni tó mọ ìparí wọn jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bàbá Olówe ì bá bi í, ìgbéraga ni kò jẹ́.

Nínú ilé náà, kò rọgbọ. Bó bá ti ní, "Ìyá ọmọ mi, wá bá mi mú..." tó sì dákẹ́, tẹ́lẹ̀ rí, nǹkan ọ̀hún á ti dé ọwọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe awò ojú. Ní báyìí, ìyàwó á fi ọ̀wọ̀ dúró.

"Kí ni kí n mú, Bàbá?"

"Nǹkan yẹn."

"Nǹkan wo?"

Bàbá Olówe á dìde, á lọ mú un fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, bó bá fi máa dé ibẹ̀, yóò ti gbàgbé ohun tó ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, báàgì lọ́wọ́, ojú pọ́n. Kò tíì pẹ́ tó lọ ilé ọkọ. Oníná ni ọkọ rẹ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, ó ń fa wáyà sínú ilé onílé.

"Bàbá mi, Ìyá mi, mo ti dé o. N kò padà síbẹ̀ mọ́."

"Ó lù ẹ́?" ìyá bèèrè, ó ti dìde.

"Kò lù mí o. Iná ló ń pa! Mo wà nílé ìdáná, ó pa iná. Mo ń kàwé, mo ní kí n lọ mu omi, kí n tó padà, ó ti pa iná. Lánàá, mo wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ wà lójú mi, ó kọjá, ó pa iná! Mo jáde, mo forí gbá ògiri. Ẹ wo iwájú orí mi." Lóòótọ́, ó wú díẹ̀. "Mo ní kó jáwọ́, ó ní èmi ni kí n jáwọ́, pé mo ń tan iná sílẹ̀ káàkiri. A ti jà títí ó ti sú mi."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Oníná pè sórí fóònù. Ó ní òun àti ìyá òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn yóò sì kó àpótí ìyàwó òun sí búùtù ọkọ̀. Bí àgbà bá bá àwọn sọ ọ́, tí ó yanjú, àpótí á bá ọkọ̀ padà. Bí kò bá yanjú, kí ó gba ẹrù rẹ̀.

"Má mikàn," Bàbá Olówe sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èmi ni n ó bá wọn sọ̀rọ̀. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀..."

Ó dákẹ́. Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń wo òwú. Ọmọbìnrin náà ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ń ṣe ilé yìí, àmọ́ ẹ̀dùn tirẹ̀ ti pọ̀ ju kó máa bèèrè lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n to àga sáàárín ṣọ́ọ̀bù. Oníná tẹríba, ó kí wọn, ó jókòó. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Gílóòbù kan ń tàn lókè dígí, oòrùn sì ti kún inú ilé. Ojú Oníná lọ síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó tún wò ó. Ìka rẹ̀ ń jó lórí itan. Kò mọ̀gbà tó dìde, ó pa á, ó sì padà wá jókòó.

"Ẹ rí i!" ìyàwó rẹ̀ pariwo, ó dìde, ó tún un tàn.

"Ọ̀sán gangan ni o!" ni Oníná wí. "Bàbá, ẹ bá mi dá a. Yàrá mẹ́ta, iná mẹ́ta, ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nílé. Ṣé àga ló ń tan iná fún ni?"

Bàbá Olówe dìde. Ó tún fìlà dé, ó wúkọ́. Ó mọ̀ pé àpótí ọmọ òun wà nínú ọkọ̀ lóde, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni yóò pinnu bóyá wọn yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òwe kan ti wá sọ́kàn rẹ̀, òwe tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ dùn débi pé kò yẹ̀ ẹ́ wò dé ìparí.

"Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná..."

Ó dákẹ́. Àṣà ti mọ́ ọn lára. Ìyá Oníná mi orí, ó ń dúró. Oníná ń dúró. Ta ni yóò gba òwe lẹ́nu onílé? Bàbá Olówe ṣẹ́jú wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, kò gbójú sókè.

"Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná!" Ó tún un sọ, ó pariwo rẹ̀, bí ẹni pé ìrù òwe náà wà lókèèrè tí kò gbọ́. Ó ti gbàgbé òwe ìgbàgbé. "...a ó máa rántí ẹ̀," ló bá wí, ó sì jókòó.



"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Bàbá," Oníná wí. "Èmi náà rántí ẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tó tan iná ìta mọ́jú. Mo rántí ọjọ́ tí a lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ilé ń tàn yòò lẹ́yìn wa."

"Èmi náà rántí!" ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Mo rántí ọjọ́ tó pa iná lé ọ̀rẹ́ mi lórí nílé ìyàgbẹ́! Títí di òní, kò wá kí mi mọ́!"

Ohun tí wọ́n ti gbàgbé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Nígbà tó yá, Ìyá Oníná gbé báàgì rẹ̀.

"Bàbá ti fọhùn. Wọ́n ní ká máa rántí ẹ̀, a sì ti rántí ẹ̀. Ọmọ mi, lọ sọ ẹrù kalẹ̀."

Oníná jáde. Wọ́n gbọ́ nígbà tí búùtù ṣí. Ó gbé àpótí kan wọlé, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà lọ gbé èkejì. Kò yára. Ọmọbìnrin náà ń wo àpótí rẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá Olówe wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ọmọ náà kò fẹ́ kí àpótí yẹn wọlé rárá, ìjà kàn ti gbé e dé ibẹ̀ ni. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá ọmọ mi, gbà mí o."

"Ẹ ní kí n má gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu."

"Mo ní bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó sọ ọ́ náà nìyí, kò rí nǹkan kan sọ mọ́. Mo bínú pé ò ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. O wá dá a padà, mo sì rí i pé n kò ní eyín tí n ó fi jẹ ẹ́." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "N kò mọ ìparí òwe kankan, ìyá ọmọ mi. Mo tẹ́. Jọ̀ọ́."

Ìyàwó gbé ẹ̀wù sílẹ̀. Oníná ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí kejì, ó dúró síbẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ìyàwó wí, "ṣé ẹ rò pé bí wọ́n ṣe bí mi ni mo ti ń parí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀? Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, bàbá yín jókòó tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, 'Aya mi, bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ tó...' Wọ́n sì dákẹ́. Mo ní háà, ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀. Mo dúró. Mo dúró títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n ti sùn lọ."

Ìyá Oníná fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo sunkún. Mo bá wọn jà. Mo ń retí kí wọ́n yí padà, kí wọ́n parí nǹkan kan, ìbáà ṣe ife omi. Ẹ wo pátákó òde. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí. Mo bi ara mi pé, ṣé n kò fẹ́ ọkùnrin yìí ni? Mo fẹ́ ẹ. Ó dáa. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni Ọlọ́run fún mi, èmi ni n ó máa parí ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti tù mí."

Bàbá Olówe la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń yangàn pé òun ń fara da ìyàwó òun, ìyàwó ló ń fara dà á! Ojú tì í, ẹ̀rín sì ń gbé e, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

"Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná," ni ìyàwó wá wí, "a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. Ìwọ ọkọ ọmọ mi, gbé àpótí yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí n má fẹsẹ̀ kọ ọ́."

"Ìyá mi," ọmọbìnrin náà fa imú, "ṣé kí n máa tàn án, kó máa pa á, títí ayé?"

"Kí ló burú níbẹ̀? Bí o kò bá tàn án, kí ni yóò máa rí pa? Kò ní í yí padà. Ìwọ náà kò ní í yí padà, mo ti bá ẹ gbé rí. Ṣùgbọ́n, ọkọ ọmọ mi, kí ọwọ́ rẹ tó kan súìṣì, máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Ògiri kò tún ní í gbá ọmọ mi lórí mọ́."

Oníná ronú sí i. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó gbójú sókè wo gílóòbù tó ṣì ń tàn lókè dígí. Ó rọra na ọwọ́ sí súìṣì.

"Ẹnì kan wà níbẹ̀?" ó bèèrè.

"A wà níbẹ̀!" gbogbo wọn dáhùn, títí kan ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Oníná fọwọ́ wálẹ̀. Ó ṣòro fún un, ẹ rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a gbé àpótí méjèèjì padà sí búùtù, wọ́n sì jọ lọ.

Ọkọ̀ wọn kò tíì yà ní kọ̀rọ̀ tí Bàbá Olówe fi wá agolo ọ̀dà jáde. Ó ní lónìí olónìí, òun yóò parí pátákó yìí. Ìyàwó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó gun àga, ó ro ọ̀dà, ó kọ RÁN, lẹ́tà gàdàgbà. Bó ṣe fẹ́ rẹ búrọ́ọ̀ṣì padà sínú ọ̀dà ni ẹnì kan kí i láti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ ni, irun ti hù díẹ̀díẹ̀, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀, kí wọ́n bá òun gé e létí létí. Bàbá Olówe sọ̀ kalẹ̀ wéré, ó gbàgbé búrọ́ọ̀ṣì sórí àga, ó wọlé.

Ìyàwó jáde, ó wo òkè. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó gun àga, ó sì kọ AṢỌ sí ẹ̀gbẹ́ RÁN.

Nínú ilé, kílípà ti ń dún. Nígbà tí ìyàwó padà sídìí máṣíìnì, Bàbá Olówe wò ó nínú dígí.

"Ìyá ọmọ mi," ó wí, "bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ tó..."

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ di orí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró! Ẹ gbé kílípà kúrò kí wọ́n tó parí ẹ̀!"

Bàbá Olówe ti gbé e kúrò tipẹ́. Ó gbé e sókè réré, ó kọjú sí máṣíìnì, ó ń dúró.

"...bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe nífẹ̀ẹ́ yín," ìyàwó wí, ó fi eyín já òwú. "Ẹ gé irun onírun fún un."

Bàbá Olówe gbé kílípà padà sí ìpàkọ́ Ọ̀gá, ó sì ń gẹ ẹ́ lọ.